Bàbá Mi Lórí Tìmùtìmù

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi nílùú òyìnbó ni pé kí n bọ́ aṣọ lára obìnrin tó dàgbà tó láti bí ìyá mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, mo di táwẹ̀lì mú, mo sì ń retí kí ojú mi fọ́. Nílé wa ní Ọ̀yọ́, wọ́n ti fi yé wa láti kékeré pé ọmọ kì í wo ìhòòhò ẹni tó bí i. Ẹni tó bá dán an wò, ojú rẹ̀ ni yóò fi gbà á. Òyìnbó tó ń kọ́ mi níṣẹ́ kò mọ ìyẹn. Ó ní kí n yára, pé yàrá tó kù ṣì pọ̀.

Olùkọ́ ni mí kí n tó kúrò nílé. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ohùn mi a sì máa dé ibi tí àwọn aláìgbọràn ń jókòó sí lẹ́yìn kíláàsì láìjẹ́ pé mo pariwo. Nígbà tí mo dé ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà yìí, mi ò mọ ibi tí ohùn náà gbà lọ. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn arúgbó lórúkọ. Ẹni tí gbogbo orí rẹ̀ ti funfun báláú, kí n wọlé tọ̀ ọ́ kí n ní "Margaret", bí ẹni pé a jọ ta ayò lánàá. Mo ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bàbá òyìnbó kan rò pé nǹkan mi ló já bọ́, wọ́n sì bá mi wá a nílẹ̀ títí ó fi sú wọn.

Gbogbo èèyàn ló ti sọ̀rọ̀ òtútù, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ló fẹ́ pa mí. Ní àdúgbò wa, o ò lè jókòó síwájú ilé rẹ kí ẹni tó ń kọjá má kí ọ kú ìjókòó. Bí èèyàn kan bá kọjá tí kò kí ọ, wàá máa ro ohun tí o ṣe fún un. Níbí, èmi àti àwọn kan náà la jọ ń dúró ní ibùdókọ̀ láràárọ̀, láti ìgbà òtútù títí di ìgbà ooru, kò sí ẹni tó la ẹnu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kí ara mi nínú ilé. Bí mo bá wọlé, mo ní, "Ẹ kú àbọ̀ o," mo sì tún dá ara mi lóhùn.

Màmá Gladys ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Àwọn nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn tí à ń tọ́jú. Jàmáíkà ni wọ́n bí wọn sí. Ọmọge ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé ìlú yìí, wọ́n sì fọ aṣọ àwọn aláìsàn ní ọsibítù títí ọjọ́ orí fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe ẹnu wọn.

"Ọmọ Áfíríkà ni ọ́," wọ́n ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Mà?"

"Orúnkún rẹ ló sọ fún mi. Dìde, jàre. Wá bá mi tún ìrọ̀rí yìí ṣe."

Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ní ariwo Màmá Gladys ti pọ̀ jù. Bí Màmá bá ní ibì kan ń dun àwọn, àwọn òṣìṣẹ́ á wo ara wọn, wọn á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ sọ fún mi pé ẹ̀yin obìnrin dúdú lágbára, ara yín kì í tètè gbọ́ ìrora. Kò fi ṣe èébú, ó rò pé òun ń yìn mí ni. Ó wà lẹ́nu mi láti bi í bóyá awọ erin ni Ọlọ́run fi bò wá. Mo gbé e mì, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń pe ilé. Bàbá mi, oníṣọ̀nà awọ ni wọ́n, ilé wa kò sì jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Bàbá ń rán àpò, wọ́n ń rán bàtà, ṣùgbọ́n tìmùtìmù ni gbogbo ìlú fi mọ̀ wọ́n, ìjókòó aláwọ roboto tí wọ́n ń ki nǹkan sínú rẹ̀ títí yóò fi le gbagidi. Àwọn tó bá wá wo ààfin a máa rà á lọ sílé. Ọdún kejì tí mo kúrò nílé ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì kò ṣiṣẹ́ mọ́. Sìdíkátù, àbúrò mi obìnrin, kó padà sílé láti máa tọ́jú wọn. Bùọ̀dá Gàníyù, àkọ́bí wa tó ń tajà ní Akẹ̀sán, ń yà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èmi, ìwé ìgbélùú mi wà lọ́dọ̀ ìjọba níbí nígbà náà. Bí mo bá jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́. Fóònù ni mo fi ń ṣe ọmọ.

Ìgbàkígbà tí mo bá pè lórí fídíò, Bàbá á ti jókòó. Orí tìmùtìmù tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rán ni wọ́n máa ń wà, ẹ̀yìn wọn á wà lára ògiri, fìlà wọn á gún, tẹ̀súbáà á sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Ara ńkọ́, Bàbá?"

"Ara le. A dúpẹ́ fún Ọlọ́run. Ṣé òtútù ò tíì jẹ ọ́ tán?"

Inú mi á dùn títí di ọjọ́ kejì. Mo fi fóònù han Màmá Gladys, mo ní kí wọ́n wo bàbá mi, rọpárọsẹ̀ náà ò rí wọn gbé ṣe. Màmá Gladys gba fóònù, wọ́n sún un mọ́ ojú.

"Arẹwà ọkùnrin ni," wọ́n ní. "Kì í dùbúlẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní lọ́dọ̀ wa, àgbà kì í dùbúlẹ̀ gba ìkíni. Màmá Gladys wo fóònù náà sí i, wọn ò sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a fẹ́ gbé Màmá Gladys kúrò lórí àga, wọ́n bá figbe ta. Wọ́n ní ìdí àwọn ń jó bí iná. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wá, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó wo ibẹ̀ dáadáa. Wọ́n ti kọ́ gbogbo wa pé bí ara arúgbó bá fẹ́ dégbò nítorí ìjókòó gbọọrọ, ojú ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ pọ́n. Ara Màmá Gladys kò pọ́n níbì kankan. Nọ́ọ̀sì ní kò sí nǹkan, kí a lọ po tíì fún wọn.

"Ara mi ò pọ́n rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi," Màmá Gladys ní. "Ṣé torí ìyẹn ni kò fi ní dùn mí?"

Bí ara ọmọ bá ń gbóná nílé wa, ẹ̀yìn ọwọ́ la fi ń kan ọrùn rẹ̀. Mi ò ronú kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibi tí Màmá ń tọ́ka sí. Ó gbóná ju ara tó yí i ká lọ, ó sì le lábẹ́ awọ bí àgbálùmọ̀ tí kò tíì dẹ̀. Mo pe nọ́ọ̀sì padà. Ó fi ọwọ́ kàn án, ó tún kàn án.

"Ẹ má bínú, Gladys," ó ní. Ó sì lọ pe àwọn tó mọ̀ nípa egbò.

Obìnrin tó wá lọ́jọ́ kejì kò fi ọ̀rọ̀ bò fún wa. Ó ní ara òyìnbó ló kún inú àwòrán tí wọ́n fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn rárá, àfi kí èèyàn fi ọwọ́ wá a, bóyá ibẹ̀ gbóná, bóyá ó le, bóyá ó ti ń rọ̀. Ó ní ìwúwo ara ló ń fún ẹ̀jẹ̀ pa níbi tí egungun bá ti kan ohun tó le, ẹran abẹ́ awọ á sì ti kú kí ojú awọ tó bẹ́. Ó ní ìjókòó léwu gan-an fún ẹni tí apá kan ara rẹ̀ ti rọ, nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè yí ara rẹ̀, ó sì lè má mọ ohun tó ń lọ ní ìhà yẹn.

Àwọn tó kù ń mi orí. Tìmùtìmù ni èmi ń rí. Mo di irin bẹ́ẹ̀dì Màmá Gladys mú.

Mo pe Sìdíkátù láti yàrá tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́.

"Sìdí, báwo ni Bàbá ṣe ń pẹ́ tó lórí tìmùtìmù yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kò sí o?"

"Dá mi lóhùn ná."

"Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán la máa ń gbé wọn sí i. Ó di ẹ̀yìn ìṣáì kí wọ́n tó wọlé lọ sùn. Àwọn èèyàn ń wá kí wọn ṣáá. Ẹ ṣá mọ bí èèyàn Bàbá ṣe pọ̀ tó."

"Lójoojúmọ́?"

"Ṣé ká wá tẹ́ wọn gbalaja kí àlejò máa bá wọn bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ̀gbọ́n mi, ìlú Ọ̀yọ́ lẹ̀ ń pè o."

"Ta ló ti wo ìdí wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ojú ń tì. "Ẹnu yín mà ti bàjẹ́ níbẹ̀ yẹn o. Ta ni yóò wo ìdí Bàbá? Bùọ̀dá ló ń gbé wọn dé balùwẹ̀. Bùọ̀dá á kọ̀yìn sí wọn, Bàbá á fi ọwọ́ ọ̀tún wẹ ibi tí ọwọ́ bá dé."

Mo ní kó tan fídíò. Bàbá wà níbẹ̀, fìlà wọn gún. Nǹkan funfun kan ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kọjá lójú fóònù.

"Kí lẹ̀ ń sun?"

"Tùràrí ni."

"Lọ́sàn-án gangan?"

"Yàrá ló ń rùn díẹ̀." Ohùn Sìdíkátù ti lọ sílẹ̀. "Ó ní láti jẹ́ pé eku ló kú sínú àjà. A ti wá a, a ò rí i. Àwọn àlejò tiẹ̀ ń yin ilé wa pé ó ń ta sánsán."

Mo wo ojú Bàbá nínú fóònù, ó ti fọn ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, fìlà ni kò jẹ́ kí n tètè rí i. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n juwọ́ sí mi.

Bùọ̀dá Gàníyù ni mo kọ́kọ́ bá fà á.

"Torí pé ò ń nu ìdí òyìnbó," Bùọ̀dá ní, "o wá fẹ́ ká tú bàbá wa síhòòhò?"

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, egbò ni mo rò pé ó wà níbẹ̀."

"Mo ti gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò. Wọ́n ní ọjọ́ orí ni, pé ọjọ́ orí ò ní oògùn. Wọ́n fún wọn ní oògùn fítámìnì."

"Ṣé wọ́n gbé aṣọ wọn sókè wò?"

"Aṣọ ta? Ṣé ìwọ náà ò rí i pé àgbà ni wọ́n?"

Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó jókòó tì mí sì wo ojú fèrèsé títí tó fi sọ̀kalẹ̀. Níbí, wọn ò gba Màmá Gladys gbọ́ nítorí àwọ̀ wọn. Nílé, kò sí ẹni tó gbé aṣọ Bàbá sókè nítorí ewú orí wọn. Ti ibí, à ń pè é ní ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ti ilé, ọ̀wọ̀ là ń pè é, ẹran ara ò sì mọ èwo ni èwo. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ ara àwọn òyìnbó ilé yìí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo mọ ẹni tí orúnkún ń dùn bí òjò bá fẹ́ rọ̀, mo mọ ẹni tó ní àpá lábẹ́ ọmú. Bàbá tó bí mi, mi ò mọ bí ẹ̀yìn wọn ṣe rí. Tí wọ́n bá bi mí ibi tí mo ti wá, mo ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mi ò mọ ohun tí Ọ̀yọ́ lè fi mí ṣe. Mo padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì bí ìṣe mi.

Nígbà tí Bùọ̀dá kọ̀, mo ní kí Sìdíkátù gbé fóònù fún Bàbá, kó sì bọ́ síta.

"Bàbá, ṣé ibì kan ń dùn yín?"

"Ara le."

"Bàbá, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin lẹ fi kọ́ mi."

Mo ń gbọ́ tẹ̀súbáà tó ń dún lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ ọ mọ́.

"Ó ń ta mí tẹ́lẹ̀," Bàbá ní. "Ó pẹ́ tó ti ń ta mí. Nígbà tó yá, kò ta mí mọ́. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bà mí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ẹnì kankan?"

"Bí mo bá sọ, wọ́n á tẹ́ mi sórí ẹní. Mo ti lọ kí àwọn tí wọ́n tẹ́ sórí ẹní rí, ìwọ ọmọ yìí. Bí a bá jáde lọ́dọ̀ wọn tán, a kì í sọ pé a lọ kí wọn. À ń sọ pé ó dáa tí a rí wọn."

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Màmá Gladys fún Bàbá, bí ojú kò ṣe rí nǹkan tí ọwọ́ sì rí i. Mo ní, "Bàbá, kò sí ẹni tí yóò wo ara yín. Sìdí á di ojú rẹ̀. Ọwọ́ nìkan ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín wọn. "Ìwọ olùkọ́ yìí, o mà ti rí ọ̀nà gbà o."

"Ṣé ẹ gbà, Bàbá?"

"Kó fi gèlè di ojú rẹ̀ pinpin. Kó má yọjú o."

Sìdíkátù gbé fóònù sójú fèrèsé, ó kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí nìkan ni mò ń rí. Mo gbọ́ tí Bàbá ń mí kíkankíkan bó ṣe ń yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Mo gbọ́ tó ní, "Bísímílááhì." Mo gbọ́ ìró aṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

"Sìdí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé ó gbóná? Ṣé ó le?"

"Kò le." Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọ kékeré. "Ó rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ mi ń wọlé."

Mo ní kó fà á jáde, kó rọra, kó má kígbe. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Bàbá, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń béèrè bóyá òjò ń rọ̀ níta: "Kí lo rí níbẹ̀?"

Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo ní kí wọ́n gbé Bàbá lọ, nítorí mo mọ mátírọ́ọ̀nù kan ní ọsibítù níbẹ̀, mo ti kọ́ ọmọ rẹ̀ rí. Bùọ̀dá Gàníyù ló wa mọ́tò. Ọ̀rọ̀ ìhòòhò ti tán lẹ́nu wọn láti ìgbà tí wọ́n ti rí egbò náà. Wọ́n pè mí lójú ọ̀nà. "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún la fi tẹ́ wọn sí bí o ṣe wí," wọ́n ní. Wọ́n tún fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ẹkún kò jẹ́ kó jáde.

Dókítà ọ̀dọ́ tó gbà wọ́n béèrè ọjọ́ orí Bàbá kó tó béèrè ohun tó ń ṣe wọ́n. Ó ní kí wọ́n gbé wọn padà sílé, kí wọ́n máa fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, nítorí ẹni tó ti dàgbà tó báyìí, kí la tún ń wá. Sìdíkátù sọ fún mi pé mátírọ́ọ̀nù dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò kúrò. Ó ní, "Dókítà, egbò la ní kí ẹ wò, ẹ fi ewú sílẹ̀." Wọ́n gba Bàbá wọlé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e dùn mọ́ mi. Wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò, wọ́n ń yí Bàbá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, mátírọ́ọ̀nù sì kọ́ Sìdíkátù bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo rí Bàbá lórí fídíò tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, fìlà ṣì wà lórí wọn.

"Wọ́n ti tẹ́ mi o, mi ò sì tíì kú," Bàbá ní. "Bá mi sọ fún obìnrin Jàmáíkà yẹn."

Mo sọ fún Màmá Gladys, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ara tiwọn ti mókun, ibi tó le yẹn ti rọlẹ̀ pátá, kò bẹ́. Máníjà wa lẹ àwòrán ara dúdú mọ́ ògiri yàrá àwọn òṣìṣẹ́, ó sì ní kí n máa kọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ wá egbò kó tó jáde. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ohùn olùkọ́ mi padà. Mo gbọ́ ọ tó dé ẹ̀yìn yàrá. Màmá Gladys, tí wọ́n gbà kí n fi àwọn ṣe àpẹẹrẹ, ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ òyìnbó náà: "Ẹ fi ọwọ́ kàn mí dáadáa, èmi kì í ṣe ẹyin." Mo lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, mo ro ọkà, mo jẹ ẹ́ tán, mo sì kí ẹni tó dúró tì mí ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó dá mi lóhùn.

Lẹ́yìn náà ni fídíò dáwọ́ dúró. Bùọ̀dá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún Bàbá, wọ́n ní Bàbá ń sùn. Mo tún pè, wọ́n ní ibà díẹ̀ ló ń ṣe wọ́n, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ ni, wọ́n ń sinmi. Fóònù Sìdíkátù ń dún títí tó fi ń já. Nígbà tó gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun wà lórí ọ̀kadà, òun ò gbọ́ mi, mo sì gbọ́ pé inú ilé ló wà, kò sí ìró ọ̀kadà kankan. Bùọ̀dá Gàníyù tí kò yìn mí rí láyé bẹ̀rẹ̀ sí pè mí ní àbúrò àtàtà. "Ṣé o ti jẹun?" wọ́n ní. "Máa jẹun dáadáa o. Ọlọ́run á dúró tì ọ́." Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ará wa kì í sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wà lájò lórí fóònù. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n á ní ara ń yá títí wọn yóò fi rí ẹni tó lè lọ jókòó tì ọ́ sọ ọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo ń pè. Mo pe mátírọ́ọ̀nù ní Ogbómọ̀ṣọ́. Ó kí mi, ó béèrè iṣẹ́ mi, ó wá ní, "Pe ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ mi."

Èmi àti ẹnì kan la jọ ń yí Màmá Gladys padà lọ́sàn-án nígbà tí ẹni tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà wá sọ pé mo ní àlejò. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tó wá mi wá rí. Mo wò láti ojú gíláàsì. Àlùfáà tó ń kírun fún àwa Mùsùlùmí Yorùbá ìlú yìí ni, pẹ̀lú ìyàwó wọn, àti ìyá kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́. Wọ́n wọ aṣọ gidi ní àárín ọ̀sẹ̀. Àga wà níbẹ̀, wọn ò jókòó.

"Àwọn wo nìyẹn?" Màmá Gladys béèrè.

"Àwọn èèyàn wa ni."

Màmá Gladys di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Bàbá rẹ ni?"

"Wọn ò tíì sọ nǹkan kan, Mà."

Mo fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn wọn, mo fa aṣọ bò wọ́n, mo fọ ọwọ́ mi. Mo fọ̀ ọ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà mo jáde, mo sì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Àlùfáà ní. "Ẹ kú òtútù."

"A dúpẹ́, sà."

"Ará iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé wọn ò yọ yín lẹ́nu?"

"Wọn ò yọ mí lẹ́nu."

Ìyá ọmọ Ọ̀yọ́ kí mi, ìyàwó Àlùfáà kí mi. Kò sí ẹni tó wo ojú mi nínú wọn. Mo mọ̀ pé wọ́n ti sin Bàbá, pé àwọn àlejò yìí ò ní wá bí ilẹ̀ kò bá tíì bò wọ́n, pé bóyá ọjọ́ tí Bùọ̀dá ń bi mí bóyá mo ti jẹun ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni ò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ìkíni tó tán. Nígbà tí Àlùfáà ha ọ̀fun wọn, tí wọ́n pe orúkọ Ọlọ́run, mo ti rí i pé ìkíni ti fẹ́ tán. Mi ò fẹ́ kó tán.

"Àwọn ọmọ ńkọ́, Àlùfáà?" mo ní. "Ìyá yín ńkọ́? Mọ́tò yín tó ń yọ yín lẹ́nu, ṣé wọ́n ti tún un ṣe?"